Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́ Léèrè: Ṣé Akọni Ni Ẹfúnṣetán?

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. SS2 ni mo wà, ní Mọ́níyà níhìn-ín. Tíṣà wa ní ká kọ àròkọ lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ìwé eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé akọni ni Ẹfúnṣetán. Wọ́n fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kọ “Ìkà ni, kì í ṣe akọni” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yọ máàkì márùn-ún. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ní èmi ni mo jàre, pé ẹnikẹ́ni tí eré oníbànújẹ́ bá dá lé lórí, hero ni wọ́n ń pè é. Bàbá mi gbọ́ wa láti inú yàrá, wọ́n ní kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má tún ti ẹnu wa jáde mọ́, pé ta ni yóò pe ẹni tó pa aboyún ní akọni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló jàre?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ìwọ náà kú iṣẹ́. Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ Yorùbá nílùú Ìbàdàn yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi náà ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí náà, má bínú sí tíṣà rẹ. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ló kọ èmi náà lóminú nígbà náà: bí ọmọ ọdún 16 bá pe apànìyàn ní akọni lónìí, kí ni yóò pè ní akọni lọ́la?

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ ń jiyàn yìí, ohun kan náà kọ́ lẹ ń sọ. Olú ẹ̀dá-ìtàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ: ẹni tí eré dá lé lórí, tí à ń bá kiri láti ìran dé ìran. Ipò nìyẹn, kì í ṣe ìwà. Olè lè wà nípò yẹn, wòlíì lè wà níbẹ̀. Ẹni rere ni bàbá rẹ ń sọ ní tiwọn, ẹni tí a lè fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ. Ìwọ wá kọ akọni, akọni sì ni ẹni tó láyà, tí apá rẹ̀ ká nǹkan, tí ohun tó ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá kò lè lé e. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, hero, ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan. Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwa la tún lọ ń dà wọ́n pọ̀.

Gbọ́ oríkì ìlú tí ìwọ àti èmi ń gbé: “Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun.” Ẹni tó ń ki ìlú yìí kò bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì torí àléébù náà pa oríkì tì. Ó kó ogun, ó kó ipá, ó kó jàgídíjàgan pọ̀, ó fi ki ìlú, orí ọmọ Ìbàdàn sì wú. Bí wọ́n ṣe ń ki Ṣàngó náà nìyẹn. Iná lójú, iná lẹ́nu, iná lórùlé. Iná orí òrùlé yẹn, ilé ẹnì kan ló ń jó.

Nínú Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963, Ṣàngó ló ti Tìmì àti Gbọ̀nńkáà, àwọn ológun rẹ̀ méjì, lu ara wọn, torí agbára àwọn méjèèjì ti ń kọ ọ́ lóminú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, ó fi ìbínú pa nínú àwọn èèyàn tirẹ̀, ìlú kẹ̀yìn sí i, Ọya pàápàá fi í sílẹ̀, ó sì lọ pokùnso. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn rẹ̀ ti dìde, wọ́n ní ọba kò so. Wọn ò sọ pé ọba kò ṣẹ̀ o. Wọ́n ní kò so. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ ohun tí wọn ò sọ nínú rẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì tó ni hero gan-an. Òkú alágbára ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n ń lọ rúbọ sí lójú oórì kí agbára rẹ̀ lè gbè wọ́n. Kò di dandan kó ti jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Oedipus tó pa bàbá rẹ̀, tó sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya, wà lára wọn. Nígbà tí Aristotle, amòye wọn kan, wá kọ̀wé lórí eré oníbànújẹ́, ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, kò tilẹ̀ pe ẹni tí eré dá lé lórí ní hero. Ó ní kó má jẹ́ ẹni rere pátápátá, torí bí a bá ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ń ṣubú, ara wa a kọ̀ ọ́ ni. Kó má sì jẹ́ ìkà pátápátá, torí bí ìkà bá ṣubú, àánú rẹ̀ kì í ṣe wá. Ẹni tó wà láàárín ni kó jẹ́, kó ga lójú ayé, kó wá jẹ́ pé hamartia ló gbé e ṣubú.

Àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì a máa túmọ̀ hamartia sí àléébù ìwà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn atafà ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: kí ọfà tàsé. Ọ̀rọ̀ tiwa bá a mu jù, ọmọ mi. Ẹni tó tàsé, ó lápá, ó ní ọrun lọ́wọ́, ó sì rí ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán tó ń ta ọfà sí. Ọ̀lẹ kì í tàsé.

Kí ni Ẹfúnṣetán ń ta ọfà sí? Ọgbẹ́ ọmọ ló wà lára obìnrin yìí. Ó lówó, ó lẹ́rú, ó joyè Ìyálóde Ìbàdàn, kò ní ẹni tí yóò jókòó ti ogún rẹ̀. Nínú eré, ó fi ìrora náà ṣòfin: ẹrúbìnrin òun kan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kan kò gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún, ikú ni ìjìyà. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Wọ́n bẹ Ìyálóde, ẹ̀bẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí. Ohun tó ń dun òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ lọ́fà, ara ọmọbìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ló sì lọ bà. Agbára tó fi dúró láàárín àwọn balógun Ìbàdàn láìgbọ̀n náà ni kò jẹ́ kó lè yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà. Ibi kan náà ni iyì rẹ̀ àti ìṣubú rẹ̀ ti wá, o ò sì lè gé ọ̀kan kí o dá èkejì sí.

Ohun tó yí èmi lérò padà nìyí. Ní 1988, àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe eré náà nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dánra wò. Ọmọ tó ṣe Ẹfúnṣetán, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Ìyá rẹ̀ yá a ní aṣọ òfì, aṣọ náà tóbi fún un, a fi ọ̀já dì í nídìí kó má bàa tú lójú eré. NEPA mú iná lọ ní ìran kejì. A tan àtùpà gáàsì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, òjìji ọmọ náà gun ògiri títí ó fi kan àjà. Bó ṣe ń ráhùn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà'ba, tó wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ o, ọmọ ló ń dùn ún.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó jókòó tì í mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta ni ìyá yìí ti sin.

Nígbà tó yá, wọ́n wọ́ Adétutù jáde. N kò wo ìtàgé mọ́, ojú ìyá náà ni mo ń wò. Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú. Nígbà tó ṣí i, kò sí omijé lójú rẹ̀ mọ́, ó ń wo Ẹfúnṣetán bí ẹni ń wo ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí wọ́n mú pé ó jalè.

Eré parí, àwọn èèyàn ń tú ká. Ìyá náà gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá lọ bá ọmọ tó ṣe Ẹfúnṣetán, ọmọ náà kò tíì bọ́ aṣọ òfì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ní, “Wọ́n bẹ̀ ọ́. Kí ló dé tí o ò gbọ́?” Ọmọ náà kò mọ èsì tí yóò fọ̀, ó kúnlẹ̀.

Oorun kò kùn mí dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá yìí kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ohun tí èmi tí wọ́n ń sanwó oṣù fún kò tíì rí ṣe. Ó káàánú Ẹfúnṣetán, kò dá a láre. Kò torí Adétutù gbàgbé ọgbẹ́ Ẹfúnṣetán, kò sì torí ọgbẹ́ Ẹfúnṣetán gbàgbé Adétutù. Ìbéèrè tó bi í yẹn, a kì í bi ìkà paraku bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a mọ̀ pé ó lè gbọ́ là ń bi pé kí ló dé tí o ò gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, òun ni mo fi ń wọn gbogbo ẹni tí wọ́n bá pè ní akọni nínú eré oníbànújẹ́: bí eré bá parí, ṣé a ó fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú ká bi í léèrè?

Wá fi Baṣọ̀run Gáà wé e. Gáà ni olú ẹ̀dá-ìtàn nínú eré Adébáyọ̀ Fálétí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ti agbára, Ẹfúnṣetán kò tó o, torí ọba ni Gáà ń fi jẹ tó sì ń yọ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ Aláàfin Abíọ́dún tẹ̀ ẹ́ ní 1774, kí ló kù lẹ́nu wa? “Bí o láyà, o ṣèkà; bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òótọ́.” Ìkìlọ̀ nìyẹn. N kò tíì rí kíláàsì tí wọ́n ti sunkún Gáà. Ní tèmi, n kì í pè é ní akọni eré oníbànújẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ò gbà pẹ̀lú mi, a ti jiyàn rẹ̀ nínú yàrá tíṣà títí àwọn ọmọ fi lọlé tán.

Kí o tún mọ èyí: Ẹfúnṣetán inú ìwé àti Ẹfúnṣetán tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn kì í ṣe ọ̀kan náà pátápátá. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ará Ìkìjà, Ìbàdàn ló ti là. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun láwìn, ó lóko rẹpẹtẹ, ó lẹ́rú rẹpẹtẹ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Samuel Johnson, tó gbé Ìbàdàn fúnra rẹ̀, kọ ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fi kàn án sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé nígbà tí òun sì ń bọ̀, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi. Tún un kà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹrú kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 1874 ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ gba àjà wọlé tọ̀ ọ́ lójú oorun, wọ́n sì pa á.

Nínú eré, Látòósà ló wá gbẹ̀san fún àwọn ẹrú, Ẹfúnṣetán sì gbé májèlé jẹ kí ẹ̀sín má bàa bá a. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń kọ ọ́ fún mi pé ikú yẹn ló sọ ọ́ di akọni. N kì í fún wọn ní máàkì lórí ìyẹn. Ó ti jẹ́ akọni kó tó di pé ó fọwọ́ kan májèlé. Ohun tó ṣòro jù níwájú rẹ̀ ni kó wà láàyè, kó gbé ojú sókè, kó wo àwọn tó ṣẹ̀, òun gan-an ni kò sì lè ṣe.

Ní báyìí, lọ bá tíṣà rẹ. Má lọ sọ fún wọn pé Ìyá Olùkọ́ ní wọ́n jẹ̀bi. Sọ pé o fẹ́ tún àròkọ náà kọ. Ibi tí ìwọ náà ti ṣìṣe ni pé o kọ “akọni ni Ẹfúnṣetán”, o fi àmì ìdúró sí i, o sì kọjá lọ. Gbólóhùn yẹn kò lè dá rìn. Kọ ọ́ pé akọni tó tàsé ni, kí o wá ṣí ìwé kí o fi hàn wá: ibo ló ti ráyè yí padà? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Kí ló fi dá wọn lóhùn? Kí o sì kọ orúkọ Adétutù sí i. Mo wo lẹ́tà rẹ láti òkè délẹ̀, n kò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ nìkan ló rántí pé aboyún kan kú. Bá mi kí wọn, kí o sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti máàkì márùn-ún, ká ní èmi ni, méjì ni mi ò bá yọ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Mo mú àwọn ọmọ mi lọ wo eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame. Láti ìgbà tí a ti dé lọkàn mi ò ti balẹ̀. Ọdẹ́wálé kò mọ̀ pé bàbá òun lòun pa, kò mọ̀ pé ìyá òun lòun fẹ́. Ifá ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹni tí àyànmọ́ ti dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Báwo la ṣe fẹ́ pè é ní akọni tàbí ẹlẹ́ṣẹ̀?
— Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, Òkè-Àdó

ÌDÁHÙN

Bàbá wa, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ, òbí tó ń kó ọmọ lọ wo eré kò wọ́pọ̀ mọ́. Ifá sọ pé yóò pa bàbá rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjà dé nínú oko yẹn, ta ló ń bínú? Bàbá arúgbó náà bú ẹ̀yà rẹ̀, ojú Ọdẹ́wálé sì ṣókùnkùn. Ká ní kò mọ̀ pé bàbá òun ni, ṣé kò mọ̀ pé àgbàlagbà ni? Ṣé kò mọ̀ pé èèyàn ni? Ìbínú yẹn náà ló padà bá a wọ ààfin Kútùjẹ, ìlú tó ti jọba: ó gbójú mọ́ Bàbá Fákúnlé, babaláwo afọ́jú, ó fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Adérópò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò sí Ifá kankan tó rán an ní ti àwọn wọ̀nyẹn. Ní tèmi, orúkọ tí Ọlá Rótìmí fún eré náà nígbà tó gbé e jáde ní Ifẹ̀ ní 1968 ń rán wa létí pé ká má kó gbogbo rẹ̀ lé àwọn òrìṣà lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ má sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ọba yìí ló gba Kútùjẹ lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tí àìsàn wọ̀lú, kò ti ìlẹ̀kùn ààfin mọ́ra, ọmọ tirẹ̀ náà ń ṣàìsàn, ó sì ń sọ fáwọn ará ìlú pé kí wọ́n wọ igbó lọ já ewé, kí wọ́n sè é, kí wọ́n mu ún. Òun fúnra rẹ̀ ló búra pé òun yóò rí ẹni tó pa ọba àná, òun fúnra rẹ̀ ló ń wádìí lọ nígbà tí Ojúọlá ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni yóò ti dúró níbẹ̀. Ó wá a títí ó fi kan ara rẹ̀.

Nígbà tó sì kàn án, kò kú. Ó fọ́ ojú ara rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ru òrìṣà, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ohun tí mo ń wá lára Ẹfúnṣetán tí n kò rí nìyẹn. Bí ẹ bá tún ráyè wo eré náà, ẹ má wo ojú rẹ̀ tó fọ́ ní ìgbẹ̀yìn. Ẹ wo àwọn ará ìlú bí òun àtàwọn ọmọ náà ṣe ń kọjá lọ. Àwọn tó ti mọ gbogbo ohun tó ṣe, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà.